Ìbàdàn, Bèèrè Kí O Tó Wọ̀ Ọ́

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà sábà máa ń wọlé. "Ẹ kú ilé o. Mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Ibo la lè lọ?" Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi lè ni, ó lè jẹ́ ẹni tí a jọ kàwé. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ẹni tí a jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan péré, tó gba nọ́ńbà mi kó tó sọ̀ kalẹ̀. Láti ọdún 2001 tí mo ti wá kàwé nílùú yìí tí mi ò sì padà sílé mọ́, mo ti di afinimọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún.

Nígbà kan rí, mo to ibi mọ́kànlá jọ sínú fóònù mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè báyìí, mo ti fi ránṣẹ́ sí i, ó di kó máa wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo pe ìyẹn ní ọ̀yàyà. Ọ̀lẹ ni.

Àbúrò mi kan ló là mí lójú. Èkó ló ti wá, òun náà sì ti kó tirẹ̀ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A pa tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀, a gbéra láago mẹ́jọ àárọ̀. Ibi méje la dé lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, á ya fọ́tò, èmi á wo aago, a tún ti kó sínú ọkọ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ká wa mọ́ Mọ́kọ́lá, àbúrò mi ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo bi í pé kí ló rántí nípa Ìbàdàn. Ó ronú títí. Ó ní, "Màmá tó ń gé ọṣẹ dúdú yẹn. Tó ní kí n gbóòórùn ẹ̀."

Màmá yẹn ò sí nínú tèmi, kò sí nínú tirẹ̀. Ṣe la kàn yà sí ọjà Ọjẹ́ kí n ra ọṣẹ tí ìyàwó mi rán mi.

Ẹni tó bá gbọ́ oríkì ìlú yìí rí á rántí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé, "Ìbàdàn, bèèrè kí o tó wọ̀ ọ́, níbi olè gbé ń jàre olóhun." Ìhàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka gbólóhùn yẹn sí, kò sì yà mí lẹ́nu. Bùdó ogun ni Ìbàdàn tí à ń wò yìí ní 1829, nígbà tí ogun ti tú ìlú púpọ̀ ká, tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jọ pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn àlejò ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìbàdàn kì í ṣí aṣọ lójú fún ẹni tó ń kọjá lọ. Kò ní etíkun. Kò ní ohun kan ṣoṣo gbòógì tí gbogbo àlejò ń forí lé, bí Abẹ́òkúta ṣe ní Olúmọ. Ohun tó ní fọ́n káàkiri abẹ́ páànù tó ti dípẹtà, bí ẹ ò bá sì béèrè, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Torí náà, èmi náà ti ń béèrè padà. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ le? Kí lo fẹ́ràn láti máa wò, èèyàn ni àbí ilé àbí igbó? Aago mélòó lo gbọ́dọ̀ padà? Bí wọ́n bá ti dáhùn mẹ́ta yìí, ibi méjì péré ni mo máa ń dárúkọ fún wọn. Inú àwọn kan kì í dùn sí i. Wọ́n á ní ṣé méjì yìí náà ni gbogbo Ìbàdàn.

Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀, rélùwéè ni mo máa ń ní kó wọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná ọ̀nà yìí, láti Ẹ̀bútè-Mẹ́ta gba Abẹ́òkúta, ọ̀nà tó tó kìlómítà 157, ó sì gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà òpópónà márosẹ̀. Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin rélùwéè náà kì í sọ: Mọ́níyà ni yóò já yín sí, kì í ṣe Dúgbẹ̀ láàárín ìlú. Ìpẹ̀kun ìlú ni Mọ́níyà. Àlejò á jáde tayọ̀tayọ̀, àwọn onímọ́tò á wo bàtà rẹ̀, wọ́n á wo báàgì rẹ̀, wọ́n á bu owó lé e bí ẹni tó já bọ́ láti òfuurufú. Ẹ má jiyàn pẹ̀lú wọn. Ẹ rìn jáde díẹ̀ sí ojú títì, kẹ́ ẹ wọ Máíkírà, takisí kékeré wa, pẹ̀lú àwọn ará ìlú yòókù. Mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ ó há sínú ẹ̀, orúnkún yín á kan àgbọ̀n yín, ṣùgbọ́n iye tí gbogbo wọn bá san lẹ̀yin náà máa san. Kẹ́ ẹ sáà ti mú ṣéńjì dání.

Bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn igbó ni, kò gbọdọ̀ tíì máa sáré lọ sígboro. IITA wà nítòsí níbẹ̀, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó ẹgbẹ̀rún héktà. Ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó di igbó, igbó ọ̀hún sì ti dàgbà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ibadan malimbe. Dúdú ni, ó pupa lórí àti láyà, kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé ju ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí lọ. Mo ti mú ẹni mẹ́rin lọ síbẹ̀, ẹnì kan ló rí i. Ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí kẹ́ ẹ tó lọ, torí wọn kì í ṣí géètì fún ẹni tó kàn ṣàdédé yọ sí wọn.

Bó bá jẹ́ pé wákàtí méjì péré lẹ ní nílùú yìí, Òkè Ààrẹ ni kẹ́ ẹ lọ.

Ilé gogoro kan wà lórí òkè náà tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi ṣèrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó wà níbẹ̀ láti 1893 títí di 1897. Àwọn tó kọ́ ọ fi orúkọ rẹ̀ pè é. Àwọn ará ìlú wọ inú rẹ̀, wọ́n rí bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń yí, wọ́n ní Láyípo. Bẹ́ẹ̀ ni Bower ṣe pàdánù ohun ìrántí ẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá dé Bẹẹrẹ tẹ́ ẹ béèrè ilé gogoro Bower, wọ́n á máa wò yín. Ẹ ní Láyípo, ọmọdé á fọwọ́ hàn yín.

Àtẹ̀gùn náà tóóró, ó sì lọ́ bí inú ìkarahun. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀ bọ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gòkè, ọ̀kan nínú yín ló máa padà sẹ́yìn. Ògiri tutù, ìró bàtà yín á máa dún padà sí yín bí ẹni pé ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé yín, ọwọ́ yín á sì máa gbá ara ògiri kiri nítorí òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, lójijì, atẹ́gùn. Ẹ ti dé òkè.

Páànù. Ìyẹn lohun tẹ́ ẹ máa rí. Páànù tó pọ́n bí ẹ̀wù ọdẹ tí òjò ti pa láìmọye ìgbà, ọ̀kan lórí èkejì, tó sọ̀ sínú àfonífojì tó tún gun òkè mìíràn, títí ojú á fi ṣú yín. Láàárín wọn ni àwọn mọ́ṣáláṣí ti yọ gogoro wọn sókè. Màpó wà lórí òkè tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n parí ní 1929, ó ń wo gbogbo ìlú bí àgbàlagbà tó jókòó síta. Lọ́ọ̀ọ́kán, Ilé Kòkó ní Dúgbẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ìlú kẹ́ ẹ tó rí i: odó, ewúrẹ́, ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀, gẹnẹrétọ̀ kan níbì kan.

Àwọn tí mo ti mú lọ síbẹ̀ kì í yára sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju fọ́tò tí wọ́n ń yà lọ. Ẹni tó bá ti wo ìlú láti òkè báyìí kì í bi mí mọ́ pé kí ló dé tí òpópónà Ìbàdàn fi lọ́ báyẹn. Agboolé ló ti kọ́kọ́ wà, àwọn jagunjagun àti àwọn èèyàn wọn ló kọ́ ọ yí olórí wọn ká, ọ̀nà ló wá ń wá ibi tó máa gbà. Oríkì ìlú náà sì tún ní, "ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu," nítorí pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ nígbà tí ìlú bà jẹ́ mọ́ wọn lórí, tí wọ́n sì ń fi ìkarahun rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Bóyá ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn náà gbọ́ oríkì yìí, bóyá kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gun Láyípo mọ́ kí n má ronú ìgbín.

Kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀, tàbí lẹ́yìn òjò tó fọ ojú ọ̀run. Bó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́ ni, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ kàn máa rí ekuru ni.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn, pàápàá àwọn tó gbé mọ́tò tuntun wá. Ẹ wá ibi tó dáa páàkì rẹ̀ sí. Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba, àwọn ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi mọ́tò wò. Ẹ wọ bàtà tó bá ilẹ̀ mu, ẹ fi fóònù sínú àpò, ẹ sì máa kí èèyàn. Ẹni tó ń rọ́ irin, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó ti ọjà, ẹ kú àtà. Ẹni tó jókòó síta láì ṣe nǹkan kan, ẹ kú ìjókòó. Ní ìgboro Ìbàdàn, ìkíni ni tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí i tí wọ́n lé ẹni tó gbé kámẹ́rà sókè láì kí ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì tún gbé àga fún ẹni tó kí wọn tán tó tọrọ àyè. Ojú ọjọ́ kan náà, ojú títì kan náà.

Ọjẹ́ ni mo sábà máa ń parí ìrìn yìí sí. Aṣọ òkè ló sọ ọjà yẹn di olókìkí. Ọjọ́ ọjà aṣọ náà ń yí kiri ni, kì í ṣe ojoojúmọ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí i, àárọ̀ kùtùkùtù ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀ nígbàkigbà. Lẹ́yìn ohun tí àbúrò mi sọ, mo padà lọ wo màmá yẹn dáadáa, torí mo ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ wọn láti bí ọdún mẹ́fà láì wò wọ́n. Wọ́n kó ọṣẹ náà jọ gègèrè sínú ọpọ́n bí amọ̀. Ọ̀bẹ wọn ti jẹ tán, ó ṣẹ́kù pẹ́lẹ́bẹ́. Wọn kì í wọ̀n ọ́n: wọ́n á gé e, wọ́n á jù ú sókè díẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní, "Ó pé." Bí ẹ bá ṣiyèméjì, wọ́n á bu díẹ̀ lé e, wọ́n á na ọwọ́ sí yín nímú. Eérú ló kọ́kọ́ máa ń ta síni, òórùn àdí á wá tẹ̀ lé e. Wọ́n bi mí pé àbúrò mi tó sín wọ́n lójú níjọ́sí ńkọ́. Wọ́n rántí òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ kíá, nítorí pé ìjà ni. Gbogbo ará Ìbàdàn ló ní ìyá olóúnjẹ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé ti ẹnì kejì dáa jù. Èmi ò ní dárúkọ búkà kankan níbí. Ohun tí mo lè sọ ni bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ wo àwọn tó tò síwájú rẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán. Bí oníṣẹ́ báńkì àti awakọ̀ bá jọ tò sórí ìlà kan náà, ẹ tò sẹ́yìn wọn. Àmàlà tó ń gbóná tó ń mì, gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata lójú rẹ̀, ẹran ògúnfe bí wọ́n bá ní. Ẹ má béèrè fọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ẹran mélòó, ẹ yára dáhùn, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń mí sí yín lọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ onílé, ilé ìtajà ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ń mú àlejò wọn lọ. Mi ò bá wọn jà, ó tutù níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti Èkó wá wo ilé ìtajà ńlá ní Ìbàdàn, ó ṣàánú mi.

Ilé Kòkó, ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó tó. Àjà 26, mítà 105, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ló kọ́ ọ tán ní 1965, iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe. Yunifásítì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, dára fún ìrìn ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi. Ọgbà ẹranko wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ bá mú ọmọdé dání.

Ibi kan wà tí mo máa ń fi pamọ́ fún àwọn tó sọ pé ilé làwọn fẹ́ràn láti máa wò. Demas Nwoko, tó gba àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ilé kíkọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín wa níbí. Ó kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, ní Sámọ́ńdà, ó sì kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sí orí òkè ní Mọ́kọ́lá. Mo gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó wọ ilé ìsìn yẹn. Mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́, kí n sọ pé ẹgbẹ̀rún ìgbà. Àlejò kan láti Jámánì ló ní kí n mú òun lọ síbẹ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tó mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a wọlé tí mo rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ara ògiri wọlé, mo yanu. Ó wò mí. Ó ti mọ̀.

Ọgbà Agodi, ẹ lè lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, igi pọ̀, àwọn ọmọ lè sáré. Ọmọdé ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n mú lọ, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá mọ ìtàn ìlú yìí kì í lè wo ibẹ̀ bí ọgbà lásán. Odò Ògùnpa ló gbá a lọ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ òmìyalé yẹn, tí odò kékeré kan kún tó sì pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ nílùú. Ẹni tó ń ta omi tútù fún mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tọ́ka sí odò náà, tó ń ṣàn bí ìtọ̀ ọmọdé. Ó ní, "Ẹ má wo bó ṣe dákẹ́ yẹn." Ó padà sídìí kúlà rẹ̀.

Ẹ̀yìn odi ló kù, ibẹ̀ sì ni èmi fúnra mi ti máa ń gbádùn jù.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó tó kìlómítà 65, ti dára láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, Ọ̀yọ́ la máa ń gbà yí ká. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní adùn tirẹ̀ o, ọsàn Fìdítì létí títì, àwọn tó ń fín igbá nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gun Òkè Adó ní Adó-Awáyé kẹ́ ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà Mọ́níyà ni. Ẹ gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ mú omi, ẹ mú èyí tó ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ. Àtẹ̀gùn òkúta tó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ lẹ máa kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà òkúta gan-an. Òkúta kan wà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Ìṣàgẹ̀, tó dúró lórí òmíràn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú tó tún yí èrò padà. Lókè pátápátá ni adágún Ìyáké wà. Omi lórí òkúta. Kò tóbi bí àwọn fọ́tò ṣe ń mú kó dà, ojú rẹ̀ a máa dúdú tí ewé bá bò ó, bí ẹ bá sì retí etí òkun, á já yín kulẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, tí ọkàn yín ń lù kì-kì-kì, omi wà lókè jù yín lọ láti ìgbà ìwásẹ̀, ó dákẹ́.

Ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò fẹ́ ẹ, tiwọn sì ni.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ, táyà mọ́tò mi bẹ́ ní Ìsẹ́yìn bí a ṣe ń padà bọ̀, ọmọ fọ́kanáísà sì ní ká fún òun ní wákàtí kan. Wákàtí kan yẹn di mẹ́ta. A gbọ́ ìró kan, kàkà, kàkà, láti ẹ̀yìn ilé tó wà nítòsí, a tẹ̀ lé e. Àwọn ahunṣọ ni, wọ́n tò lọ rẹrẹ lábẹ́ àtíbàbà, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ta òwú ń fò láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí tòsì. Òwú wọn ò parí síwájú wọn: ó nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ kọjá gbogbo àgbàlá, òkúta ni wọ́n gbé lé ìdí rẹ̀ kó má bàa rọ̀, bí aṣọ bá sì ti ń gùn sí i ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé kan fo òwú náà kọjá láì wolẹ̀. Òwú ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo dúró tì já. Ó fi ahọ́n tọ́ ìka, ó lọ́ orí méjèèjì pọ̀, ó fà á. Mo tẹ̀ ba, mo wá kókó náà, n kò rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní aṣọ òkè ẹtù lòún ń hun fún ìyàwó kan ní Ìlọrin, wọ́n sì ti ń fi fóònù dààmú òun. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń mú èèyàn lọ sí Adó-Awáyé, mo máa ń fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún Ìsẹ́yìn, bí ẹni pé mo mọ̀ pé táyà máa bẹ́.

Ẹni tí kò lè gun òkè, ẹ mú un lọ sí Aséjìrè, lọ́nà Ifẹ̀. Ẹja díndín wà létí ọ̀nà, odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé wà níwájú yín. Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ Ìbàdàn lọ́jọ́ kan. Wọn kì í ṣe ẹ̀bá Ìbàdàn.

Ohun kan tó kù tí kì í sí nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò: oṣù kẹta. Inú oṣù yẹn ni wọ́n máa ń ṣọdún Òkè'Bàdàn, wọ́n á sì kéde ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọjà àárín ìgboro kì í ná, àwọn èèyàn á sì máa fi orin àwàdà tó kún fún ọ̀rọ̀ abẹ́ bú ara wọn. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí ìtìjú ń pa, ẹ dúró sílé. Bẹ́ ẹ ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde, àmọ́ ẹ má bínú bí wọ́n bá yẹ imú yín wò tí wọ́n sì fi kọrin.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n màmá mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Kúdẹtì ni wọ́n gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì tí tọkọtaya míṣọ́nnárì Hinderer dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853. Ọdún 38 ni wọn ò ti fi ojú kan ìlú yìí. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò le, ilé làwọn fẹ́ wò, kò sì sí ibi táwọn ń sáré padà sí. Mo gbé wọn lọ sí Òkè Ààrẹ láàárọ̀. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà Láyípo, wọ́n wo orúnkún wọn, wọ́n jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n pe àwọn lórí fóònù bí mo bá dókè.

Mo dókè. Mo pè wọ́n.

"O rí Màpó?"

"Mo rí i, mà."

"Gbójú kọjá ẹ̀. Wá sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Kí lo rí?"

"Páànù, mà."

"Páànù wo?"

"Èyí tó pọ́n."

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú fóònù, mo sì tún gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. "Ọmọ yìí, gbogbo ẹ̀ ló pọ́n! Igi kan wà níbẹ̀, ilé alájà kan wà lẹ́yìn igi yẹn, ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà sọ̀ kalẹ̀ sódò. Wò ó dáadáa."

Mo wò ó dáadáa. Mo ti gun ibẹ̀ tó ogójì ìgbà, mo ti fọwọ́ han àìmọye àlejò níbẹ̀, n kò sì rí igi, n kò rí ilé alájà, n kò rí ọ̀nà kankan tó sọ̀ kalẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀," wọ́n ní. "O ò mọ nǹkan tí ò ń wò."

Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti dìde, wọ́n ti so gèlè wọn le. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde. Wọ́n ní kí n fi í sápò, pé kò jìnnà, àwọn á máa sinmi lójú ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà ń kọjá lọ, wọ́n kí i, wọ́n bi í bóyá ọ̀nà Kúdẹtì tí wọ́n máa ń gbà láyé ọjọ́sí ṣì là. Obìnrin náà sọ igbá ẹ̀pà rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ìka yà á sí afẹ́fẹ́.

Mo dúró tì wọ́n, mò ń gbọ́.